Eré Ọ̀nà Jíjìn Nítorí Ọmọ Òrukàn

Àwọn baba wa a máa wí pé, àgbà kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. Bí a bá rí ẹni tí ó ń sáré ní kùtùkùtù òwúrọ̀, tí òógùn ń kán sílẹ̀ ní iwájú orí rẹ̀, a ó bojú wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí a lè mọ̀ bóyá ẹranko ni ó ń lé e bọ̀ tàbí ọlọ́ṣà. Ṣùgbọ́n ní àkókò tiwa yìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó wà tí wọ́n ń sáré fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí nǹkan kan kò lé wọn, tí àwọn pẹ̀lú kò sì lé ohun kan tí ojú lè rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sáré kí àwọn ọmọ tí wọn kò rí rí, ní ilẹ̀ tí wọn kò dé rí, lè rí oúnjẹ jẹ, kí wọ́n sì rí ìwé kà.

Àwọn olùkọ́ ilé ìwé wa àti àwọn ọmọ kíláàsì ńlá ti bi wá léèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé: Kí ni eré sísá ní í ṣe pẹ̀lú ọmọ òrukàn? Bí ẹnìkan bá fẹ́ ṣe àánú, èéṣe tí kò fi mú owó jáde láti inú àpò rẹ̀, kí ó sì jókòó jẹ́jẹ́ sí ilé rẹ̀? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. A ti rò ó títí, a sì fẹ́ kọ ohun tí a rí nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ń ka ìwé ọdọọdún yìí, nítorí ọ̀ràn náà ti kan ìjọ tiwa gan-an, gẹ́gẹ́ bí a ó ti sọ níwájú.

Kí a kọ́kọ́ sọ ibi tí eré náà ti wá. Marathon ni orúkọ pápá kan ní ilẹ̀ Gíríìsì, níbi tí àwọn ará Áténì ti ṣẹ́gun àwọn ará Páṣíà ní ọdún 490 ṣáájú ìbí Olúwa wa. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni pé ìránṣẹ́ kan sáré láti ojú ogun wá sí Áténì, ó kéde ìṣẹ́gun, ó ṣubú lulẹ̀, ó sì kú. Ṣùgbọ́n Herodotus, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ogun náà súnmọ́ ìgbà náà jù lọ, kò sọ èyí. Eré mìíràn ni ó ròyìn: ó ní kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, a rán ìránṣẹ́ kan, ó sì sáré lọ sí ìlú Sparta láti bẹ àwọn ará ibẹ̀ kí wọ́n wá ran Áténì lọ́wọ́. Ẹ kíyèsí i, ẹ̀yin olùkọ́: nínú eré méjèèjì, èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ jù ni eré ẹni tí ó lọ tọrọ ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ẹlòmíràn.

Nígbà tí a tún eré Olympic dá sílẹ̀ ní Áténì ní 1896, a fi eré ọ̀nà jíjìn yìí kún un, Spyridon Louis, ọmọ Gíríìsì tí ó ń gbé omi tà, sì ni ó gba ipò kìíní. Ìwọ̀n tí a ń sá lónìí, èyí tí í ṣe 26 máìlì àti 385 yáàdì, ti Lọ́ńdọ̀nù ní 1908 wá. A bẹ̀rẹ̀ eré ọdún náà ní ààfin Windsor, a sì parí rẹ̀ ní iwájú ibi tí ìdílé ọba jókòó sí nínú pápá. Ní 1921 ni a sì fi ìwọ̀n náà ṣe òfin. Ní ọdún 1908 náà, Dorando Pietri, ọmọ Ítálì, ni ó kọ́kọ́ wọ inú pápá, ṣùgbọ́n agbára ti tán nínú rẹ̀. Ó ṣi ọ̀nà gbà, ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Àwọn alábòójútó eré fi ọwọ́ dì í mú títí ó fi kọjá ìlà òpin. Nítorí èyí a kò ka eré rẹ̀ kún, Johnny Hayes, ará Amẹ́ríkà, ni ó sì gba ẹ̀bùn. Lọ́jọ́ kejì, Ayaba Alexandra fún Pietri ní ife kan láti tù ú nínú, Arthur Conan Doyle, ẹni tí ń kọ̀wé ìtàn, sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó jọ fún un láti ọwọ́ àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn, títí owó náà fi lé ní 300 pọ́n-ùn. Bí a bá ń wá gbòǹgbò owó àánú tí ń tẹ̀lé eré yìí, ọ̀kan nìyí: àwọn ènìyàn rí ẹni tí ó ṣubú tí ó sì dìde, ọkàn wọn ṣí, àpò wọn sì ṣí pẹ̀lú.

Àwọn méjì tí wọ́n ti sá eré irú rẹ̀ ní New York ní 1979, Chris Brasher àti John Disley, ni wọ́n dá eré Marathon ti Lọ́ńdọ̀nù tí a mọ̀ lónìí sílẹ̀. A kọ́kọ́ sá a ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, 1981, nínú òjò, àwọn tí ó lé ní 6,000 ni wọ́n sì sá a dé òpin. Àwọn méjì tí ó ṣáájú gbogbo wọn, Dick Beardsley ará Amẹ́ríkà àti Inge Simonsen ará Norway, kò jẹ́ kí ẹnìkan fi ẹnìkejì sílẹ̀. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n sì kọjá ìlà pọ̀. Láti ìgbà náà ni eré náà ti di ọ̀nà ńlá tí owó àánú ń gbà wọlé. Ẹgbẹ́ aláàánú kan yóò gba àyè fún iye sárésáré kan; olúkúlùkù àwọn wọ̀nyí yóò sì ṣèlérí iye owó tí òun yóò kó jọ. Òun yóò tọ àwọn ìbátan rẹ̀ lọ, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àti àwọn ará ìjọ rẹ̀. Ẹni yìí yóò fi pọ́n-ùn márùn-ún sílẹ̀, ẹni ọ̀hún yóò fi ogún sílẹ̀. Láti Greenwich ni eré náà ti ń bẹ̀rẹ̀, yóò gba orí afárá Tower Bridge kọjá, yóò sì parí ní ìtòsí ààfin Buckingham. Nígbà tí yóò fi di 2019, owó tí irú àwọn ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti kó jọ láti 1981 ti ju bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ. Agbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré ọmọdé ni. Ẹni tí kò tí ì sá a rí ní láti fi nǹkan bí oṣù mẹ́rin múra sílẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú máìlì díẹ̀, yóò máa fi kún un láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, títí yóò fi lè sá nǹkan bí 20 máìlì láìdúró. Yóò jí kí àkùkọ tó kọ. Yóò sùn nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe àríyá. Ara ènìyàn a máa kó irú ṣúgà kan pamọ́ sínú ẹran ara àti ẹ̀dọ̀, èyí tí ó ń lò bí epo àtùpà nígbà tí a bá ń sáré. Ní nǹkan bí 18 máìlì sí 20, epo yìí a máa fẹ́ tán nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹsẹ̀ a wúwo bí òjé, ojú a ṣú, ọkàn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara pé, Jókòó. Àwọn sárésáré a máa pe ibẹ̀ ní ògiri. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kò ṣe àṣìṣe nígbà tí ó fi sárésáré ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ará Kọ́ríńtì, nítorí ní ìtòsí ìlú wọn ni a ti ń ṣe eré ìje ńlá ní ọdún méjì méjì, wọ́n sì mọ bí sárésáré ti í kó ara rẹ̀ ní ìjánu nítorí adé ewé tí yóò rọ.

Nísinsìnyí a lè padà sí ìbéèrè àwọn ọmọ ilé ìwé wa: Èéṣe tí eré ẹnìkan fi ń ṣí àpò ẹlòmíràn? Èrò tiwa nìyí. Nígbà tí ẹni tí a kò mọ̀ bá fẹ́ yá owó lọ́wọ́ wa, onídùúró ni a ń béèrè. Onídùúró fi ara rẹ̀ sílẹ̀ pé òun mọ ẹni náà, ọ̀ràn rẹ̀ sì ká òun lára. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni sárésáré. Ọmọ òrukàn tí ó wà ní òkèèrè kò lè wá sí ẹnu ọ̀nà wa. A kò mọ orúkọ rẹ̀, a kò sì gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹni tí a mọ̀ ni ó dúró fún un. Ìyà tí ó fi jẹ ara rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin ni ó mú wá fún wa bí ẹ̀rí. Àwa sì fún un ní owó, kì í ṣe nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, bí kò ṣe nítorí pé ó dúró fún ẹni tí kò lè dúró fún ara rẹ̀.

A kò mọ ẹni tí ó fi èyí hàn ju Terry Fox lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ilẹ̀ Kánádà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọmọ òrukàn ni ó sáré fún. Nítorí àrùn jẹjẹrẹ ni a ṣe gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ní 1977. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, 1980, ó fi ẹsẹ̀ kan àti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kan bẹ̀rẹ̀ sí í sáré la Kánádà kọjá, nǹkan bí ìwọ̀n Marathon kan ní ojoojúmọ́. Ó fẹ́ kí a lè rí dọ́là kọ̀ọ̀kan gbà nítorí olúkúlùkù ọmọ ilẹ̀ náà, fún ìwádìí àrùn náà. Ó ṣe èyí fún ọjọ́ 143, ó sì sá 5,373 kìlómítà kí àrùn náà tó dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tí ó sì dá a dúró. Ó kú ní oṣù Kẹfà, 1981, ní ọmọ ọdún 22. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí i kí ó tó kú pé owó náà lé ní mílíọ̀nù 24 dọ́là, tí ó sì kárí iye ènìyàn ilẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé ẹlòmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹni tí gbogbo ilé ìwé ìjọ mọ orúkọ rẹ̀. George Müller, ọmọ ilẹ̀ Prussia, ṣí ilé fún àwọn ọmọ òrukàn ní ìlú Bristol ní 1836. Nígbà tí yóò fi di 1870, ilé ńlá márùn-ún ni ó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, tí wọ́n lè gba ọmọ tí ó lé ní 2,000; kí ó sì tó kú ní 1898, àwọn ọmọ tí ó ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ti lé ní 10,000. Müller kò tọrọ owó lọ́wọ́ ènìyàn kankan. Àdúrà ni ó ń gbà. Èwo ni ó tọ́ nínú ọ̀nà méjèèjì: ti ẹni tí ó kan gbogbo ilẹ̀kùn, tàbí ti ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn ọ̀run nìkan? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, a kò sì ní dá ẹjọ́ náà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni èyí: Müller tí kò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni a máa tẹ ìwé jáde lọ́dọọdún, nínú èyí tí ó ń ka iye owó tí ó wọlé àti bí a ti ná an. Bí ẹni tí kò tọrọ bá ń ṣe ìṣirò, mélòó mélòó ni ẹni tí ó tọrọ?

Nítorí níbí ni ewu wà. Òógùn sárésáré jẹ́ ẹ̀rí pé ọkàn rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe ẹ̀rí pé owó náà dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Onídùúró rere lè dúró fún ọ̀ràn tí òun kò wádìí. Bí ó bá sì jẹ́ òkèèrè ni owó náà ń lọ, ojú wa kò ní tó o.

Ọ̀ràn yìí wọ inú ìjọ wa ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan tí ó kàwé ní ilé ìwé ìjọ wa, tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé sí wa pé òun ti rí àyè láti sá eré náà, òun sì ti ṣèlérí láti kó owó jọ fún ilé ọmọ òrukàn kan ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ó kọ ọ́ pé, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka ìwé yìí sí etí ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi. Bí ó ti wù kí owó náà kéré mọ, inú mi yóò dùn pé àwọn ará ilé mi wà lẹ́yìn mi.”

Nígbà tí a gbé ìwé náà sí iwájú àwọn àgbà ìjọ, ẹnìkan nínú wọn wí pé, “Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ òrukàn pọ̀ ní àdúgbò wa yìí. Ṣé àwọn ará ìlà-oòrùn ni a ó kọ́kọ́ bọ́?” Ìyá Ìjọ ni ó dá a lóhùn. Ó ní, “Ẹ ṣeun, bàbá. Ṣùgbọ́n bí àwọn ìyá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń ju kọ́bọ̀ sínú àpótí bá ti wí bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ta ni ìbá kọ́ bàbá mi ní a, b, d?” Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára. Ó mú wa rántí pẹ̀lú pé Pọ́ọ̀lù gba owó jọ ní Makedóníà àti Ákáyà fún àwọn tálákà tí ó wà ní Jerúsálẹ́mù, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè fi ojú kan ìlú náà láéláé. Kò sí ìjà láàrin ọmọ ilé àti ọmọ òkèèrè. Ẹni tí ó ń fi ọmọ òkèèrè ṣe àwáwí láti má ṣe wo ti ilé jẹ̀bi. Ẹni tí ó ń fi ti ilé ṣe àwáwí láti má ṣe wo ti òkèèrè jẹ̀bi pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí ó mú wa ní ọkàn, ìtàn ilé wa ni ó sì gbé e dìde. Gbogbo wa mọ̀ pé ní 1821 ni a kó Ajayi, ọmọ Òṣoògùn, lẹ́rú, tí a tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á sílẹ̀ ní 1822, tí a sì gbé e lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni àwọn míṣọ́nnárì ti tọ́ ọ, òun ni ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí ọmọ náà ní Sàró ìbá pè é ní ọmọ òrukàn. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, Àfàlá, wà láàyè. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìyá àti ọmọ pàdé ní Abẹ́òkúta, fún ìgbà díẹ̀ ọ̀rọ̀ kò sì lè jáde lẹ́nu wọn. A dúpẹ́ fún ilé ìwé tí ó tọ́ ọ. Ogun àti òkun ni ó wà láàrin ọmọ náà àti ìyá rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè rékọjá wọn láti béèrè. Ṣùgbọ́n lónìí, níbi tí mọ́tò ń rìn, tí tẹlifóònù sì wà, èéṣe tí a ó fi pe ọmọ ní òrukàn láì kọ́kọ́ béèrè ìyá rẹ̀?

Èyí kì í ṣe ìfura lásán. Ní 2009, ẹgbẹ́ Save the Children tẹ ìwé kan jáde tí ó fi hàn pé, nínú ọmọ márùn-ún tí ó wà ní irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé, ó kéré tán mẹ́rin ní bàbá tàbí ìyá tí ó wà láàyè. Òṣì ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ òbí gbé ọmọ wọn lọ síbẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni oúnjẹ wà, níbẹ̀ ni ìwé kíkà wà. Bí owó láti òkèèrè bá sì ti ń wá sí ilé náà nìkan, tí kò sí kọ́bọ̀ kan fún ìyá tí ó wà ní abúlé, owó náà fúnra rẹ̀ ni ó ń fa ọmọ kúrò lápá ìyá rẹ̀. Ní ọdún 2009 kan náà, Ìgbìmọ̀ Àgbáyé fi ìmọ̀ràn lélẹ̀ fún gbogbo ìjọba pé kò yẹ kí òṣì nìkan jẹ́ ìdí láti ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ilẹ̀ Rùmáníà ti kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú ìrora. Nígbà tí ìjọba Ceaușescu wó ní oṣù Kejìlá, 1989, a rí i pé ọmọ tí ó lé ní 100,000 ni ó wà nínú ilé ìtọ́jú ti ìjọba. Láti 2000, àwọn onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà yẹ ọmọ kékeré 136 wò ní ìlú Bucharest. Wọ́n ṣẹ́ kèké. A fi ìdajì àwọn ọmọ náà sí ọ̀dọ̀ ìdílé tí yóò tọ́ wọn, ìdajì sì wà lábẹ́ ìtọ́jú bí ti àtẹ̀yìnwá. Àwọn tí wọ́n lọ sínú ìdílé ta àwọn ìyókù yọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, ní òye, àti ní fífi ọkàn tán ènìyàn. Àwọn tí wọ́n sì tètè lọ, kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì, ni ó dára fún jù. Kì í ṣe ebi nìkan ni ó ń pa ọmọ nínú ilé ńlá. Àìsí ojú kan náà tí yóò máa rí ní alẹ́ àti ní òwúrọ̀ ń pa á pẹ̀lú. Ẹnìkan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ẹnìkan nínú igba náà tí í ṣe tirẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó ka ìwé ọmọ wa sí etí ìjọ, a kọ̀wé sí i, a sì bẹ̀ ẹ́ kí ó béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ilé náà: ọmọ mélòó ni kò ní ẹnikẹ́ni, kí ni a ń ṣe láti dá àwọn tí ó ní ènìyàn padà sí ilé, ta ni ó sì ń yẹ ìwé owó wò. Inú rẹ̀ kò kọ́kọ́ dùn, nítorí ó ti sáré nínú òtútù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Síbẹ̀ ó béèrè. Ìdáhùn tí ó rí gbà láti ọwọ́ obìnrin tí ń tọ́jú ilé náà jẹ́ òtítọ́, a sì yìn ín fún un: àwọn tí kò ní ẹnikẹ́ni ni ó kéré jù, àwọn ìyókù ní ìyá tí ó jẹ́ opó, tàbí ìyá àgbà tí kò rí owó ilé ìwé san. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti fẹ́ dá wọn padà, kí òun sì máa fi owó òkòwò àti owó ilé ìwé tẹ̀lé wọn lọ. Ṣùgbọ́n ibùsùn àti ilé tuntun ni àwọn olùfúnni ń fẹ́, nítorí ìyẹn ni ó ṣe é yà ní fọ́tò.

Ọmọ wa kọ̀wé sí wa pé, “Bàbá, kí ni kí n ṣe? Ilé ọmọ òrukàn ni mo sọ fún gbogbo ènìyàn.” A dá a lóhùn pé kí ó sọ òtítọ́ fún wọn kí ọjọ́ eré tó pé, kí olúkúlùkù sì yan èyí tí ó wù ú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún wọn pé owó tí òun bá kó jọ yóò lọ, apá kan fún àwọn tí kò ní ẹnikẹ́ni, apá tí ó pọ̀ jù fún mímú àwọn ìyókù padà sí ilé wọn àti fún dídúró tì wọ́n níbẹ̀. Àwọn díẹ̀ gba owó wọn padà. Àwọn tí ó pọ̀ jù dúró. Àwọn kan tilẹ̀ fi kún un. Ìjọ wa náà dá owó. Ó sá eré náà dé òpin, ó sì pẹ́ kí ó tó dé. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìwé ìṣirò tí ó fi ránṣẹ́ sí wa ni a kà sí etí ìjọ, inú wa sì dùn sí i ju bí ìbá ti dùn sí àmì ẹ̀yẹ lọ.

A kò sọ pé kí a wó gbogbo ilé ọmọ òrukàn. Àwọn ọmọ kan wà tí ogun tàbí àrùn ti gba gbogbo ènìyàn wọn, wọ́n sì ní láti ní ibi tí wọn yóò fi orí sí nígbà tí a bá ń wá ìdílé fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé ilé àwọn ìbátan dùn nígbà gbogbo. Àwa Yorùbá tí a ń fi ọmọ òkú tọ́ mọ̀ pé àwọn kan nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń pọn omi fún gbogbo agbo ilé, tí wọn kì í sì í rí ẹran nínú ọbẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kí àánú ní ojú. Màlúù tí kò ní ìrù, Ọlọ́run ní í bá a lé eṣinṣin. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọlọ́run bá fẹ́ lò wá fún iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa bóyá màlúù náà ní ìrù tí ẹnìkan so mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí àwọn ọmọ yín bá fẹ́ sáré láti ṣe àánú, ẹ má ṣe dá wọn lẹ́kun. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ 26 máìlì. Àyíká pápá ilé ìwé tó fún ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wọ bàtà, ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè ibi tí owó náà ń lọ. Nígbà tí wọ́n bá sì bọ́ bàtà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìṣirò rẹ̀ sójú pátákó fún gbogbo ènìyàn láti kà. Pọ́ọ̀lù kò dá gbé owó Jerúsálẹ́mù lọ. Ó mú àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹ̀sùn kà sí i lọ́rùn. Ẹ má sì jẹ́ kí a fi ojú ẹkún ọmọ òrukàn ṣe ọjà. Bí a kò bá ní fẹ́ kí a gbé fọ́tò ọmọ tiwa káàkiri nínú àkísà, ẹ má jẹ́ kí a gbé ti ẹlòmíràn.

Sárésáré rí ìlà òpin tirẹ̀ ní ojú ọ̀nà ní Lọ́ńdọ̀nù, a fún un ní omi, a sì fi aṣọ bò ó. Ìlà òpin ti owó rẹ̀ wà ní ibi jíjìn, ní ẹnu ọ̀nà ilé kékeré kan, níbi tí opó kan ti ń dá iná oúnjẹ alẹ́, tí ọmọ rẹ̀ sì ń ka ìwé nínú ilé. Kí Ẹni tí í ṣe Baba àwọn aláìníbaba fún wa ní ẹsẹ̀ láti sáré, àti sùúrù láti rìn dé ibẹ̀.